Pátákó Tí Kò Lóhùn: Ọ̀rọ̀ Lórí Síso Kọntírólà MIDI Mọ́ Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn ọ̀dọ́ olórin ní Ìlọrin

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olórin, ẹ kú ìjókòó, àsàlámù àlékùm o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Ọ̀fà àti Òmù-Àrán wá láàárọ̀ yìí, ẹ kú ewu ọ̀nà. Mo rí àwọn onídùùrù ṣọ́ọ̀ṣì níwájú, mo rí àwọn ọmọ tó ń gbé orin Ìsìláàmù jáde lẹ́yìn wọn, wọ́n sì ní ọmọ onídàdàkúàdà wà láàárín wa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo gbé dání yìí, kọntírólà MIDI, ìyẹn pátákó oníkíì tí à ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti fi tẹ orin, kò mọ ẹni tó ń ka Kùránì yàtọ̀ sí ẹni tó ń ka Sáàmù. Bí ẹ bá so ó dáadáa, á jẹ́ fún yín. Bí ẹ kò bá so ó dáadáa, kò sí àdúrà tí yóò mú un fọhùn.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti máa ń dun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ọmọ yẹn á tu owó jọ, á lọ sọ́jà, á ra pátákó oníkíì 25, á gbé e délé, á so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, iná rẹ̀ á tàn yàà. Á tẹ kíì kan. Kẹ́kẹ́ pa. Á tún tẹ òmíràn, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ tó ti kú lẹ tà fún mi." Ẹ̀gbọ́n náà á búra, òun náà á tẹ̀ ẹ́, kò ní dún lọ́wọ́ òun náà, ìjà á sì dé.

Ẹ̀rọ náà kò kú. Pátákó yẹn kò lóhùn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Kò sí sípíkà níkùn rẹ̀, kò sí ohùn dùùrù, kò sí ti ìlù. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ní "ẹ sọ fún onílù kó lu ìyáàlù lẹ́ẹ̀kan, kó lù ú kíkankíkan," kò tíì lu ìlù. Iṣẹ́ ló rán. Bí onílù kò bá sí nílé, iṣẹ́ náà já sófo. Pátákó ló ń ránṣẹ́, wáyà ni ọ̀nà, ohun èlò orin tó wà nínú kọ̀ǹpútà ni onílù. Gbogbo ohun tí mo máa sọ títí n ó fi sọ̀ kalẹ̀ níbí, orí èyí ló dúró lé: MIDI, ìyẹn èdè tí àwọn ẹ̀rọ orin fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, kì í gbé ohùn, àṣẹ ló ń gbé.

Kí ọdún 1983 tó dé, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń ṣe dùùrù oníná ló ní ọ̀nà tirẹ̀, ẹ̀rọ eléyìí kì í gbọ́ ti tọ̀hún. Dave Smith, ará Amẹ́ríkà tó dá Sequential Circuits sílẹ̀, àti Ikutaro Kakehashi, ará Japan tó dá Roland sílẹ̀, ni wọ́n ṣáájú àwọn tó ní kí gbogbo ẹ̀rọ máa sọ èdè kan náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, níbi ìpàtẹ ohun èlò orin tí wọ́n ń pè ní NAMM ní California, wọ́n fi wáyà so Prophet-600 ti Sequential mọ́ Jupiter-6 ti Roland, wọ́n tẹ ọ̀kan, èkejì sì dáhùn. Wọn kò bu owó lé e pé kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó wá san án. Wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọdún 2013 ni wọ́n tó fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Grammy ti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ra kọntírólà tòkunbọ̀ tí ẹnì kan ti lò gbó ní Jámánì, tẹ́ ẹ gbé e dé Tanke, tó sì bá sọ́fúwíà orin FL Studio tí wọ́n ṣe ní Bẹ́ljíọ̀mù sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀, ẹ rántí àwọn bàbá méjì yẹn.

Kí ni ọ̀rọ̀ náà gan-an? Tí mo bá tẹ C tó wà láàárín dùùrù, ohun mẹ́ta péré ló gba inú wáyà kọjá. Èkíní, wọ́n tẹ kíì kan, orí ọ̀nà kìn-ín-ní ni (ọ̀nà 16 ló wà). Èkejì, kíì nọ́ńbà 60 ni. Ẹ̀kẹta, agbára tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jẹ́ 92, ká ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tán. Tí mo bá gbé ọwọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ mìíràn á tún lọ pé wọ́n ti fi kíì 60 sílẹ̀. Nọ́ńbà wọ̀nyí ń bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 127. Agbára 0 kò sí, torí pé ẹ̀rọ tó bá gbọ́ pé wọ́n fi agbára 0 tẹ kíì á kà á sí pé wọ́n ti fi kíì náà sílẹ̀ ni. Kò sí ibì kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn tí wọ́n ti dárúkọ dùùrù tàbí fèrè. Ẹ̀rọ tó gbọ́ ọ ló máa pinnu ohun tí yóò fi dáhùn. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè tẹ orin kan lónìí pẹ̀lú ohùn dùùrù, kẹ́ ẹ wá lọ́la kẹ́ ẹ fi ohùn gìtá rọ́pò rẹ̀ láìtún tẹ ẹyọ kíì kan.

Nọ́ńbà 60 yẹn, ẹ fi sọ́kàn. Àwọn sọ́fúwíà orin kò pè é lórúkọ kan náà: FL Studio ń pè é ní C5. Reaper ń pè é ní C4. Ableton Live ń pè é ní C3. Kíì kan náà ni o! Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti C3, tí ohun tẹ́ ẹ gbọ́ sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ má bá a jà, ẹ bi í léèrè irú sọ́fúwíà tó ń lò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká so ó.

Wáyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Nínú wáyà USB tó pé, okùn mẹ́rin ló kéré jù níbẹ̀: méjì ń gbé iná, méjì ń gbé ọ̀rọ̀. Àwọn wáyà olówó pọ́ọ́kú kan wà tí wọ́n ṣe fún kí fóònù lè jẹ iná nìkan, wọ́n ti yọ okùn ọ̀rọ̀ kúrò ńbẹ̀. Ẹ fi irú ẹ̀ so pátákó, gbogbo iná rẹ̀ á tàn, á máa ṣẹ́jú sí yín bí ẹni pé ara rẹ̀ dá, kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ̀ pé ẹnì kankan wà níbẹ̀. Bí ẹnu wáyà náà bá bá fóònù yín mu, ẹ fi kó fọ́tò láti orí fóònù sínú kọ̀ǹpútà. Bí fọ́tò bá kọjá, wáyà náà pé. Bó bá jẹ́ iná nìkan ni fóònù ń jẹ, ẹ gbé wáyà yẹn fún ẹni tí fóònù rẹ̀ ti kú.

Lẹ́yìn náà, ẹ so pátákó tààrà mọ́ ara kọ̀ǹpútà. Iná tí ihò USB 2.0 kan ń fúnni kò ju 500 mílíáḿpíà lọ, àwọn kan sì máa ń fi hub (ẹ̀rọ tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) kan ṣoṣo so pátákó, máòsì, fáànù kékeré àti fóònù pọ̀. Pátákó á máa kú á máa jí. Ní ti dráíbà, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ ẹ̀rọ tí a so mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ kọntírólà òde òní kò nílò rẹ̀. Windows àti Mac á dá wọn mọ̀ fúnra wọn. Àwọn tó ti dàgbà ló lè fẹ́ dráíbà tiwọn, ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ni kẹ́ ẹ ti gbà á. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá Windows ti rí i, ẹ ṣí Device Manager, kẹ́ ẹ wo abẹ́ Sound, video and game controllers. Bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ẹ má tíì wulẹ̀ ṣí sọ́fúwíà kankan.

FL Studio lọ̀pọ̀ yín ń lò, òun ni n ó fi ṣàlàyé. Ẹ so pátákó kẹ́ ẹ tó ṣí i. Tó bá ti ṣí, ẹ tẹ F10, kẹ́ ẹ lọ sí MIDI. Ẹ ó rí àpótí Output àti àpótí Input. Input ni tiwa, torí inú FL Studio lọ̀rọ̀ ń wọ̀ bọ̀ láti ara pátákó. Ẹ wá orúkọ pátákó yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó hàn pé ẹ ti yàn án, kẹ́ ẹ wá tan Enable. Ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti máa ń kùnà. Wọ́n á rí orúkọ, inú wọn á dùn, wọ́n á pa ojú ewé náà dé láìtan Enable. FL Studio mọ̀ pé pátákó wà níbẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì ní kó máa gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Bí irú pátákó yín bá wà nínú Controller type, ẹ yàn án. Bí kò bá sí, ẹ fi í sílẹ̀ sí generic controller, kíì yín á ṣiṣẹ́ náà ni.

Wàyí o, ohun tẹ́ ẹ bá yàn nínú Channel rack, àtẹ tí àwọn ohun èlò orin tò sí, ni kíì yín máa bá sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ Kick (ìlù báàsì) lẹ yàn, gbogbo kíì 25 náà á máa dún kick, látorí èyí tó rinlẹ̀ dé èyí tó ń han gooro. Ẹ fi ohun èlò bíi FL Keys síbẹ̀, ẹ yàn án, kẹ́ ẹ wá tẹ̀.

Bí kò bá dún ńkọ́? Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé. Ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú T, àwọn lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà á di dùùrù. Ẹ tẹ Z, ẹ tẹ X. Bí èyí bá dún, onílù wà nílé, ohùn sì ń jáde. Àárín pátákó àti FL Studio ni wàhálà wà, ẹ padà lọ wo wáyà, ẹ wo Enable. Bí lẹ́tà náà kò bá dún, ẹ fi pátákó sílẹ̀ jẹ́ẹ́, kò jẹ̀bi. Ọ̀dọ̀ ohùn ni kẹ́ ẹ lọ: sípíkà wo ni kọ̀ǹpútà ń lò, ṣé ẹ́ẹ̀dìfóònù ti wọlé dáadáa, ṣé wọ́n ti pa ohùn mọ́ ibì kan. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ ti mọ ìdajì ibi tí kò yẹ kẹ́ ẹ máa wá a. Mo ti rí ẹni tó pa Windows rẹ́ tó tún un gbé kalẹ̀ látòkèdélẹ̀, tó sì jẹ́ pé okùn sípíkà ló yọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn onísítúdíò kì í fura sí. Lórí Windows tó ti pẹ́ díẹ̀, ètò kan ṣoṣo ló sábà máa ń di ẹnu ọ̀nà MIDI mú lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ ẹ bá ti ṣí pátákó náà nínú sọ́fúwíà kan tàbí lórí ojúlé ìkọ́ni dùùrù nínú Chrome, tẹ́ ẹ wá ṣí FL Studio, orúkọ á hàn ṣùgbọ́n kò ní gbọ́. Ẹ pa gbogbo ètò tó kù, ẹ yọ wáyà, ẹ tún un so.

Ní Reaper, inú Preferences lẹ ti máa rí MIDI, ẹ ó tan Enable input. Lẹ́yìn náà ẹ dá track (ìlà tí à ń gba orin sí) sílẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa rẹ̀, ẹ yan MIDI sí Input rẹ̀, ẹ tan monitor kẹ́ ẹ lè máa gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń tẹ̀, ẹ sì fi ohun èlò sí FX; ReaSynth bá a wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Live, ojú ewé MIDI nínú Settings ni: Track ń jẹ́ kí kíì wọlé, Remote ń jẹ́ kí àwọn bọ́tìnnì tí à ń yí lè darí nǹkan. Ọ̀pọ̀ kọntírólà ni wọ́n máa ń fún ní Live Lite, ẹ̀dà kékeré Live, mọ́ ọn. Bẹ́ ẹ bá ra tòkunbọ̀, ẹni àkọ́kọ́ lè ti lo nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ má gbọ́kàn lé e.

N kò ní fọ̀rọ̀ bò fún yín nípa ayédèrú sọ́fúwíà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó kún ìgboro. Èyí tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló sábà máa ń kó kòkòrò wọ kọ̀ǹpútà, òun ló sì máa ń daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí oníbàárà jókòó sí sítúdíò. FL Studio tẹ́ ẹ kò tíì sanwó rẹ̀ á jẹ́ kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ pamọ́, àmọ́ kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ṣí i padà títí ẹ ó fi rà á. Reaper ní tirẹ̀ á fún yín ní ọjọ́ 60 láti dán gbogbo rẹ̀ wò, 60 dọ́là sì ni owó ẹni tó ń lò ó níwọ̀nba. Fún ẹni tó fẹ́ gba ohùn àwọn akọrin àti onílù sílẹ̀, tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kò sì lágbára púpọ̀, Reaper ni mo máa ní kó mú.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ ìfalẹ̀, torí òun ló ń mú kí onídùùrù tó mọṣẹ́ dà bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ kíì, ohùn kò jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀bi pátákó kọ́. Àní lórí wáyà MIDI àtijọ́ tí ẹnu rẹ̀ ní ẹsẹ̀ márùn-ún, tó sì lọ́ra, kíì kan kì í gbà ju nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì kan lọ. Kọ̀ǹpútà ló ń fà á. Kì í ṣe ohùn jáde lẹ́yọ ẹyọ. Ó ń kó o jọ díẹ̀díẹ̀ kó tó tú u síta, ibi tó ń kó o jọ sí ni wọ́n ń pè ní buffer. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe ẹyọ ohùn 44,100 ní sẹ́kọ́ńdì kan, buffer 128 á falẹ̀ ní mílísẹ́kọ́ńdì 3, 512 á falẹ̀ tó 12, 2048 á sì falẹ̀ tó 46. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní sẹ́kọ́ńdì kan nínú afẹ́fẹ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni tó ń lo 2048 dà bí ẹni tó jókòó síbí tí sípíkà rẹ̀ wà ní mítà 16 sí i. Kò sẹ́ni tó lè bá onílù rìn báyẹn.

Torí náà, lórí Windows, ẹ lọ sí Audio nínú ojú ewé tí F10 ń ṣí nínú FL Studio, kẹ́ ẹ yan ASIO, ìyẹn dráíbà ohùn tó ń dín ìfalẹ̀ kù. FL Studio ASIO bá FL Studio wá. ASIO4ALL ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń lo ètò mìíràn. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ ohùn tó ní ASIO tirẹ̀, tirẹ̀ lẹ ó lò. Ẹ gbé buffer sí 256 kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Bí ohùn bá ń ya, tó ń ta pàrà pàrà, ẹ gbé e sí 512. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń tẹ orin sílẹ̀, ó yẹ kó kéré. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń po orin pọ̀, tẹ́ ẹ kò tẹ kíì mọ́, ẹ gbé e sókè bó ṣe wù yín. Onímáàkì, ẹ̀yin kò ní wàhálà ASIO, ẹ ṣáà dín buffer kù.

Àwa níbí tún ní tiwa lọ́tọ̀. Bí iná bá lọ, tí láptọ́ọ̀pù bọ́ sórí bátìrì, Windows á dín agbára rẹ̀ kù láti fi pa bátìrì mọ́. Orin tó ń lọ geere ní ìṣẹ́jú tó kọjá á bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ẹ tètè lọ sí ètò agbára, kẹ́ ẹ gbé e sí èyí tó ń lo agbára jù, tàbí kẹ́ ẹ gbé buffer sókè títí iná á fi dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ́ẹ̀dìfóònù Bluetooth tẹ dùùrù. Ó máa ń fà ju 100 mílísẹ́kọ́ńdì lọ, kò sí ASIO tó lè gbà yín.

Àwọn bọ́tìnnì tí à ń yí kò gba àlàyé púpọ̀. Nínú FL Studio, ẹ tẹ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ darí pẹ̀lú apá ọ̀tún máòsì, ẹ yan Link to controller, ẹ yí bọ́tìnnì orí pátákó, ó ti so nìyẹn. Ní Live, Ctrl pẹ̀lú M. Ẹ má so ohun tó ju ohun tẹ́ ẹ lè rántí lọ.

Ti àwọn páàdì, ìyẹn àwọn ojú rọ́bà tí à ń fi ìka lù lórí pátákó, ló dùn. Láti 1991 ni òfin General MIDI ti wà, tó fi ọ̀nà 10 fún ìlù: nọ́ńbà 36 ni báàsì, 38 ni sínẹ́ẹ̀rì, 42 ni háíháàtì tó padé. Ẹ wá wo 67 àti 68: agogo ni, èyí tó ń ké àti èyí tó rinlẹ̀. Agogo tiwa yìí ni, àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e dé Brazil, ibẹ̀ ló gbà wọ inú òfin ẹ̀rọ àwọn òyìnbó. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò sí níbẹ̀ ní tirẹ̀, kò sì sí ìlù gángan. Ohun tó bá sì wà níbẹ̀ pàápàá, ohùn tí wọ́n fi sínú kọ̀ǹpútà fún un kì í sábà bá ti ilé mu.

Ẹ gba tiyín sílẹ̀. Ẹ wá agogo tí ẹ̀ ń lò lóde eré, ẹ gbé fóònù tàbí maikirofóònù sún mọ́ ọn nínú yàrá tí kò ti dún padà, ẹ lù ú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ lù ú níwọ̀nba, ẹ lù ú kíkankíkan. Nínú sampler, ìyẹn ohun èlò tó ń fi ohùn tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ sórí kíì, ẹ fi èyí tó rọlẹ̀ sí agbára 1 dé 50, ti àárín sí 51 dé 95, èyí tó le sí 96 dé 127. Ìgbà yẹn ni páàdì tó wà lábẹ́ ìka yín máa tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń fọwọ́ kàn án àti ẹni tó ń lù ú. Bí ẹ bá fi ohùn kan ṣoṣo síbẹ̀, tẹ́ ẹ kàn ń gbé e sókè sódò, etí ará Ìlọrin á mọ̀. Bẹ́ ẹ bá sì ti tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ má fi quantize, ètò tó ń fa kíì kọ̀ọ̀kan bọ́ sórí ìlà àkókò, fà á gún régé. Ìlù dàdàkúàdà kì í bọ́ sórí ìlà. Ìfàsẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀ yẹn ló ń mú kéèyàn mirí. Bí ọwọ́ yín kò bá tíì dúró, ẹ fi quantize tún un ṣe dé ìdajì, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Mo ti ń sún mọ́ ibi tí mo ń lọ. Kíì 12 péré ló wà kí ohùn tó padà sí orúkọ rẹ̀ lórí dùùrù. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ kì í fò láti orí kíì kan bọ́ sórí òmíràn, àárín wọn ló ń gbà rìn. Ohun tó lè bá a rìn lórí pátákó yín ni èyí tí wọ́n kọ Pitch sí. Lórí àwọn kan, wíìlì ni; lórí Akai MPK Mini, igi kékeré kan ni tẹ́ ẹ máa tì sí òsì àti ọ̀tún. Gbogbo bọ́tìnnì tó kù ń ka 128, òun ń ka 16,384, kí etí má baà gbọ́ ibi tí ohùn ti ń fo àtẹ̀gùn. Bẹ́ ẹ bá sì fi í sílẹ̀, á padà sáàárín fúnra rẹ̀.

Ẹ gbọ́ mi yé o: àárín ni re. Ẹ tì í sókè, mí. Ẹ fà á wálẹ̀, dò. Ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta èdè wa wà lábẹ́ àtàǹpàkò kan.

Ẹ gba ohùn ìlù gángan kan sílẹ̀, lílù ẹ̀ẹ̀kan péré, kẹ́ ẹ fi sórí kíì kan. Ọwọ́ ọ̀tún á máa tẹ kíì kan ṣoṣo yẹn, ọwọ́ òsì á wà lórí wíìlì. Ẹ wo onílù tó mú kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún: apá òsì ló fi ń fún ọṣán. Ọwọ́ yín ti wà níbi tó yẹ kó wà. Ẹ jẹ́ ká fi sọ "Ẹ kú àbọ̀." Ẹ tẹ kíì láìfọwọ́ kan wíìlì: ẹ. Ẹ tì í sókè, ẹ tẹ̀: kú. Ibi "à" ni iṣẹ́ wà. Ẹ má kọ́kọ́ fà á délẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹnu wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ tó bá tẹ̀ lé ohùn òkè máa ń yọ̀ wálẹ̀ ni. Ẹ tẹ kíì nígbà tí wíìlì ṣì wà lókè, kẹ́ ẹ fà á wálẹ̀ kíá bí kíì ṣe ń dún. Lẹ́yìn náà, bó ṣe wà nísàlẹ̀ yẹn, ẹ tún tẹ̀ ẹ́: bọ̀. Ẹni tó wà ní yàrá kejì á dáhùn.

[Olùbánisọ̀rọ̀ tẹ̀ ẹ́, àwùjọ dáhùn, wọ́n rẹ́rìn-ín.]

Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá délé tẹ́ ẹ dán an wò, ohùn tín-ín-rín kan lẹ máa gbọ́, kú àti bọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn. Ìdí ni pé wíìlì kò mọ bó ṣe jìnnà tó. Nọ́ńbà ló ń rán. Ohun èlò inú kọ̀ǹpútà ló ń pinnu pé òpin òkè yẹn jẹ́ sẹ́mítóònù mélòó, ìyẹn ìrìn láti kíì kan sí èyí tó fara kàn án, dúdú àti funfun pọ̀. Méjì ni wọ́n sábà máa ń fi sí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Bend Range tàbí Pitch Range sí lára ohun èlò náà, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di 5. Bí ẹ bá gbé e dé 12, ìlù náà á ké dáadáa, àmọ́ ìka tó bá yẹ̀ díẹ̀ á ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ sì mọ ohun tí ohùn tó yẹ̀ lè sọ ẹni dà níwájú àna. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbà á sílẹ̀, sọ́fúwíà á ya ìrìn wíìlì náà sísàlẹ̀ kíì. Ẹ lè fi máòsì tún ibi tó wọ́ ṣe.

N kò sọ pé kẹ́ ẹ fi èyí lé onílù lọ. Onílù mọ oríkì. Wíìlì kò mọ ọ́n. Mo ń lò ó láti fi ya ohun tí mo fẹ́ sílẹ̀, kí onílù tó dé sítúdíò tí wákàtí rẹ̀ ń gbówó lórí, kó ti mọ ibi tí orin ń lọ.

Àwọn ìbéèrè díẹ̀ wọlé. Arábìnrin kan ní pẹ́dàlì òun ń ṣiṣẹ́ sódì: tóun bá gbẹ́sẹ̀ kúrò ni ohùn ń fà, tóun bá tẹ̀ ẹ́ ni ohùn ń gé. Ẹ yọ wáyà pátákó, ẹ ti pẹ́dàlì bọ ihò rẹ̀, ẹ má fẹsẹ̀ kàn án, kẹ́ ẹ wá tan pátákó padà. Ọ̀pọ̀ pátákó, ìgbà tí wọ́n bá ń tàn ni wọ́n ń ka ipò tí pẹ́dàlì wà; ẹsẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ nígbà náà ló yí i po.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bèèrè ìdí tí kíì kan fi ń dún méjì méjì. Àwọn pátákó kan máa ń fara hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú Input, tẹ́ ẹ bá sì tan méjèèjì, àṣẹ kan á wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ pa ọ̀kan. Bó bá jẹ́ dùùrù ńlá tó lóhùn tirẹ̀ lẹ so, ẹ pa Local Control rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí kíì rẹ̀ máa dún ohùn inú rẹ̀, torí òun náà ń dún, kọ̀ǹpútà náà ń dún. Bí ohùn kan bá sì há tó ń ké láìdákẹ́ nínú FL Studio, Ctrl pẹ̀lú H á pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹni tó gbẹ̀yìn ní òun kò ní láptọ́ọ̀pù, fóònù lòun ní. Fóònù tó. Láti Android 6.0 tó jáde ní 2015 ni MIDI ti wà nínú Android, FL Studio Mobile sì ń gbọ́ ti kọntírólà. Ẹ ra OTG, okùn kékeré tó ń jẹ́ kí fóònù gba ohun èlò USB, ẹ fi so wáyà pátákó mọ́ fóònù, kẹ́ ẹ so ó kẹ́ ẹ tó ṣí FL Studio Mobile. Bátìrì fóònù ló máa bọ́ pátákó, á sì tètè jẹ ẹ́. Bí pátákó bá tàn tó tún kú, fóònù kò ní agbára tó. Ẹ fi hub tó ní iná tirẹ̀ sáàárín wọn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ ra OTG ọ̀hún, ẹ gbé fóònù àti pátákó dání, kẹ́ ẹ tẹ kíì kan lójú ẹni tó ń tà á kẹ́ ẹ tó sanwó.